Ọdún Tí Ìgbádùn Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa Mí

Mo rántí ìgbà tí ọkọ mi pe káfíńtà wá kan pákó mọ́ fèrèsé yàrá wa, tí mo gbé omi tútù fún káfíńtà náà mu, tí mo sì tún kí i pé ó kú iṣẹ́. Ìdí tí wọ́n fi kan pákó ọ̀hún ni pé ọkọ mi ti ra ẹ̀rọ amúlétutù, kò sì fẹ́ kí òtútù tó fi owó rà máa gba ojú fèrèsé jáde lọ bá àwọn aládùúgbò tí kò dá kọ́bọ̀ sí i. Mo rò pé ọgbọ́n ńlá ni. Nígbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n dárúkọ ẹni tí Ọlọ́run fẹ́ràn jù ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó, orúkọ ara mi ni n bá dá láìwo ẹ̀yìn.

Ogun abẹ́lé ti parí bí ọdún mẹ́ta mẹ́rin, owó epo ti ń wọlé, gbogbo ẹni tó bá sì ń ta ohun tó ń lo iná mànàmáná ní Ìdúmọ̀tà ló ń di ọ̀gá. Rédíò àti fáànù ni ọkọ mi ń tà. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni òun, èmi sì wá láti abúlé kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú, níbi tí mo ti fi ẹsẹ̀ rin oko, tí mo fi orí ru igi, tí oòrùn sì mọ gbogbo ara mi bí ẹni mọ ilé rẹ̀. Iṣẹ́ aránṣọ ni mo wá kọ́ l'Ékòó. Ojúde ilé kan ní Ìta Fájì la máa ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wa sí, níwájú gbogbo ayé, ibẹ̀ sì ni ọkọ mi ti rí mi. Nígbà tó fẹ́ mi, ó ní òun ò ní jẹ́ kí oòrùn rí mi mọ́ láéláé. Mo ti ń gbàdúrà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Mo ti ṣe àmín kó tó parí ẹ̀.

Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ló kó mi sí, lẹ́yìn ọjà Ìdúmọ̀tà. Fíríìjì wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, àga tìmùtìmù tí ènìyàn ò lè dìde nínú rẹ̀ láìdi nǹkan mú náà wà níbẹ̀. Ọkọ mi ló ń ra ẹran àti ẹja bọ̀ láti ọjà, omi ẹ̀rọ sì ń yọ nínú ilé. Mo fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi ta àbúrò mi lọ́rẹ, mo ní iṣẹ́ ò yẹ obìnrin tó bá ti dé ibi tí mo dé. Nígbà tí àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ wá kí mi, mo mú wọn jókòó síwájú ẹ̀rọ amúlétutù títí eyín wọn fi ń gbá ara wọn, mo wá ní, "Ẹ má bínú o, ibí yìí máa ń tutù díẹ̀." Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ọ̀rọ̀ òtútù nìkan ló kù lẹ́nu mi.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn. Mò ń jẹ, mò ń sùn, mò ń sanra. Láti oṣù kẹrin ni ìgbádùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí bákan. N kì í mọ ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ nítorí pákó kì í mọ́. Ìpè ìrun láti mọ́sálááṣí ìsàlẹ̀ ni mo fi ń mọ àsìkò, nígbà tó sì yá, n kò mọ èyí tí wọ́n ń pè mọ́ nínú Ayílà àti Alásàrí. Ọkọ mi á ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́, n ó kúnlẹ̀, n ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bọ̀ọ̀dá mi." Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Oorun ọ̀sán ń gbé mi lọ, ti òru kọ̀ jálẹ̀. Oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu. Àyà mi á kàn máa lù bí ẹni tí wọ́n ń lé, bẹ́ẹ̀ orí àga tìmùtìmù ni mo wà. Mo sunkún lọ́jọ́ kan nídìí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí wọ́n ń ka èsì bọ́ọ̀lù, n kò sì mọ ọ̀kan nínú àwọn tó gbá a. Bí iná bá wá lọ, tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, n ó jókòó sínú òkùnkùn lẹ́yìn pákó, n ó máa làágùn, èmi ìyàwó ẹni tó ń ta fáànù.

Wọ́n tọ́jú mi o, kí n má purọ́. Ìyá ọkọ mi ní ọwọ́ ayé ni, pé àwọn ará abúlé mi ló ń jowú òtútù mi. Ó mú àáfà kan wá. Àáfà kọ hàntú, ó fọ̀ ọ́ sómi, mo mu ún, ó wá kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ìta fún ogójì ọjọ́. Ẹni tí kò jáde láti oṣù méje! Dókítà kan nítòsí Tinúbú gbọ́ àyà mi, ó wo ìpéǹpéjú mi, ó kọ tábúlẹ́ẹ̀tì funfun fún mi, ó ní iṣẹ́ ilé ló pọ̀ jù, kí n lọ sinmi. Mo dúpẹ́, mo lọ sinmi. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n mìíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tó wà lọ́wọ́ kálukú ló fi ṣàánú mi, tẹlifíṣọ̀n ló sì wà lọ́wọ́ ọkọ mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé ẹ̀wà kaná, mo lọ jókòó sí yàrá. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Mo rí èéfín tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kú, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Mo kàn wá ìdí tó fi yẹ kí n dìde ni, n kò sì rí i. Mò ń wo èéfín bí ẹni ń wo àlejò tí kò ní pẹ́ lọ. Obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ló ja ilẹ̀kùn, ó fà mí jáde sórí àtẹ̀gùn, ó padà lọ fi omi pa iná tó ti mú kọ́tìnì ilé ìdáná. Ó ń gbọ̀n, ó ń bi mí pé, "Ṣé o ò gbọ́ òórùn ni?" Mo ní mo gbọ́ ọ. Ìdáhùn yẹn dẹ́rù bà á ju iná lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti ẹbí nìyẹn. Ìyá ọkọ mi ò fi bọpo bọyọ̀. "Ẹ dá a padà fún àwọn tó bí i kó tó jó wa mọ́lé." Ọkọ mi ń wolẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lọ́jọ́ Jímọ̀, yóò mú mi lọ sí ibùdókọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà kì í ṣe ti àánú. Ọjà rẹ̀ ló ń bọ̀ nínú ọkọ̀ òkun, ó ní láti dúró gbà á kó tó ráyè kó ìyàwó padà. Kí ó tó di ìgbà náà, wọ́n ní kí n lọ máa gbé ní agbo ilé wọn àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá ọkọ mi.

Ìyá Àgbà ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́, ojú rẹ̀ kan kò ríran mọ́, ẹnu rẹ̀ nìkan ni ogbó ò tíì kàn. Nígbà èwe rẹ̀, ẹja ló máa ń rà lọ́wọ́ àwọn apẹja ní etí ọ̀sà. Ní àárọ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí mo dé, bí a ti kírun àsùbáà tán, ó wò mí.

"Ìyàwó, ṣé o lè rìn?"

"Mo lè rìn, Mà."

"Èmi ò lè rìn. Wá gbé èjìká fún mi fara tì."

Mo bi í pé níbo là ń lọ. Ó ní bí a bá dé ibẹ̀ n ó mọ̀.

Èbúté Èrò là ń lọ. Kò jìnnà sí ilé rárá, ṣùgbọ́n pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ àti ẹsẹ̀ tèmi tó ti gbàgbé iṣẹ́ ara rẹ̀, bí ẹni ń lọ sí Mẹ́kà ni. Mo fa ìborùn bojú kí ojúlùmọ̀ kankan má baà rí aya olówó tó ń fẹsẹ̀ gbá ẹrẹ̀ ní ìdájí. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ń ta mí lójú. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń rùn, ẹja yíyan ń rùn, sálúbàtà mi tó ti òkè òkun wá rì sínú yanrìn. Mo ka gbogbo ìyà wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ọkàn mi. Nígbà tí a débẹ̀, Ìyá Àgbà jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó kọjú sí omi. Mo dúró, mo ń retí iṣẹ́ tí a wá ṣe. N kò rí iṣẹ́.

"Mà, kí la ń ṣe níbí?"

"À ń jókòó ni."

"Mo ti ń jókòó láti ọdún kan, Mà."

"Ìyẹn kì í ṣe ìjókòó. Wọ́n tọ́jú ẹ pa mọ́ ni, bí ẹni ń pa gààrí mọ́ sínú agolo. Jókòó, jàre."

Mo jókòó. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ń wọlé, lékeléke ń rìn létí omi bí ẹni tó ni ilẹ̀, àwọn obìnrin ń pariwo lórí agbọ̀n ẹja. Mo rò ó pé ìyá arúgbó yìí ló yẹ kí wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ àáfà, kì í ṣe èmi.

Ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó yà mí lẹ́nu: ebi pa mí. Kì í ṣe ebi kí ènìyàn kàn jẹun torí wọ́n gbé e síwájú rẹ̀. Ebi gidi ni, irú èyí tó máa ń pa mí ní oko. Mo jẹ ẹ̀kọ tútù mẹ́ta pẹ̀lú ẹja díndín lórí ìdúró, mo lá ọwọ́. Ìyá Àgbà kàn ra ìkẹrin fún mi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, oorun gbé mi lọ bí ẹni tí wọ́n jù sódò.

Ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọkùnrin apẹja kan dìde nínú ọkọ̀ rẹ̀ láti mú fìlà rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ. Ó mú fìlà. Ó sì bá fìlà lọ sínú omi, gbì! Ó yọrí, fìlà wà lórí rẹ̀ ṣánṣán bí ẹni pé ó fẹ́ lọ sí ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi. Mo rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú nídìí mi, tí mo ní láti fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Ìyá Àgbà fi ojú rẹ̀ kan ṣoṣo wò mí pẹ́.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní. "Ó ṣì kù nínú ẹ."

Ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe tán o. Ní ọ̀sẹ̀ kejì òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá. Mo wà nínú yàrá, ìwúwo ọjọ́sí sì padà wá jókòó sí mi láyà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì òjò, n kò fẹ́ dìde lórí ẹní. Ìyá Àgbà fi ọ̀pá kàn mí lẹ́sẹ̀, ó ní kí n gbé àwọn ẹní ilé jáde lọ fọ̀. Mo ní, "Nínú òjò, Mà?" Ó ní ṣé mo fẹ́ kí òun wá omi mìíràn fún mi ni. Mo fọ ẹní mẹ́fà ní àgbàlá, òjò ń lù mí, inú ń bí mi, mò ń kùn. Nígbà tí mo dé ẹní kẹrin, mo ṣàkíyèsí pé mò ń kọ orin ọmọdé kan tí a máa ń kọ lábúlé. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti ṣí ìborùn kúrò lójú. Àwọn ará etí ọ̀sà ti ń kí mi, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ń pè mí ní ọ̀pá Ìyá Àgbà, mo sì ń jẹ́ ẹ. Bí àwọ̀n bá wúwo, mo máa ń bá wọn fà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà lọ́jọ́ Jímọ̀ tí a dá, ìró mi ká dé orúnkún, ẹrẹ̀ kùn mí dé igbáròkó, mo wà láàárín okùn pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́rin, à ń ké pọ̀, nígbà tí ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ dé. Wọ́n ti kọ́kọ́ lọ sílé, wọn ò bá mi. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí mi. Ó káwọ́ lérí.

"Yéè! Ó ti wọjà! Wèrè yẹn ti wọjà!"

Ìyá Àgbà dáhùn láti orí ọkọ̀ tó jókòó lé. "Bó bá jẹ́ wèrè ló ń fa àwọ̀n, ta ló ń pa ẹja tí ìwọ ń jẹ láti ọjọ́ yìí?"

Ọkọ mi sún mọ́ mi, ó ń gbé bàtà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí àgbébọ̀ tó wọ inú ẹrẹ̀. "Ìyàwó, kí lò ń ṣe níbí?"

"Mò ń fa àwọ̀n, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ dúró ná, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Ó sì dúró. Títí dòní, bí mo bá fẹ́ yin ọkùnrin yẹn, ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ó dúró. Àwọ̀n dé. Ohun tó wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ariwo wa, ni ẹja wẹ́wẹ́ díẹ̀, akàn mẹ́ta, àti bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan. Mo gbé bàtà náà sókè, mo kígbe pé ta ni bàtà rẹ̀ sọnù sódò, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo yíjú, ojú ọkọ mi ti yí padà. Kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́ láti Ìta Fájì.

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Gbogbo ohun tí mo ṣe," ó ní, "kí o lè gbádùn ni."

"Mo mọ̀. Mo gbádùn rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ẹ ṣeun."

"Kí lo wá fẹ́?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ pákó yẹn. Kí n sì máa jáde láràárọ̀. Kí n rí nǹkan fi ọwọ́ mi ṣe."

Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo omi, ó wò mí. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá kan ń gun ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bọ̀. "Ẹ̀rọ amúlétutù ńkọ́?" ó bi mí.

"Á fara dà á," mo ní.

A ò lọ sí ibùdókọ̀ mọ́. Mo gba ẹ̀rọ ìránṣọ mìíràn, mo ń gbé e sí ojúde ilé, láràárọ̀ sì ni mo ń lọ gbé èjìká fún Ìyá Àgbà. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí ara mi yá ni àwọn tó wò mí sàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Àáfà ní hàntú òun máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Dókítà ní òun ti sọ pé ìsinmi ni mo nílò. Ìyá ọkọ mi ń sọ fún gbogbo ọjà pé òun lòun ní kí wọ́n gbé mi kúrò nínú ilé yẹn, irọ́ kọ́ sì ni, bí a bá fi ojú inúure wò ó. Ìyá Àgbà nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ eléyìí láìṣe yẹ̀yẹ́: kí ẹni tí dókítà fún lóògùn má torí ìtàn mi dà á nù. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn pọ̀ ní oríṣiríṣi, tèmi ni mò ń sọ. Ó tún ti padà wá lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà yẹn, n kò sì fi ẹsẹ̀ nìkan lé e lọ, mo lo oògùn pẹ̀lú.

Ní ọdún tó ṣíwájú èyí tí Ìyá Àgbà kú, mo bi í lọ́jọ́ kan lórí ọkọ̀ bó ṣe mọ ohun tó máa wò mí sàn. Mo rò pé yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ti máa ń ṣe. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà bí ọjọ́ orí mi, ọmọ méjì kú mọ́ òun lọ́wọ́ láàárín oṣù kan. Àwọn ènìyàn kún ilé láti tù ú nínú, wọ́n ní kó jókòó sínú yàrá, kó má ṣe jáde. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó dìde láàárín wọn, ó rìn lọ sí etí omi. Wọ́n ní ó ti ya wèrè.

"Kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀, Mà?"

"N ò lọ ṣe nǹkan kan. Ilé yẹn ni ò gbà á." Ó nawọ́ sí omi. "Ohun tó ṣe mí tóbi ju yàrá lọ. Mo wá ibi tó lè gbà á."

 Mo sún mọ́ ọn, ó fi ara tì mí, a jọ ń wo omi títí oòrùn fi mú.

Mo ti dàgbà báyìí ju ọjọ́ orí tí mo rò pé ènìyàn lè dé lọ. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mò ń gbé, ní àdúgbò kan tí kò ní ọ̀sà, tí kò ní èbúté, tí wọ́n ti dà kọnkéré sí gbogbo ibi tí koríko lè rò pé òun fẹ́ hù. Láràárọ̀ mo máa ń gbé àpótí kan sí ẹnu géètì. Ọmọ mi ní, "Màámi, kí lẹ̀ ń wò níta gan-an?" Ìbéèrè tó dára ni. Ní àárọ̀ yìí, ohun tí mo rí ni ajá kan tó ń jà pẹ̀lú ọ̀rá, ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ ti jò, àti ìkùukùu tó ṣú díẹ̀ lápá ìlà oòrùn, tó sì tún tú ká. Afẹ́fẹ́ fẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kí ọmọ mi lọ gbé àpótí tirẹ̀ wá.